Ẹ má pe Pablo Fanque ní oní-sákọ́ọ̀sì nìkan

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín nípa àwọn tó ń fò lókè nínú eré sákọ́ọ̀sì (circus). Ó dùn mọ́ mi. Ẹ sọ̀rọ̀ Jules Léotard, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó fò láti orí igi kan tí wọ́n so rọ̀ bọ́ sí òmíràn lójú èrò ní Paris lọ́dún 1859. Ẹ sọ̀rọ̀ Miss La La, obìnrin adúláwọ̀ tí ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, Degas, yà ní 1879, níbi tó ti fi eyín di okùn mú tí wọ́n ń fà á lọ sí àjà Cirque Fernando, ilé sákọ́ọ̀sì kan ní Paris. Àfi Pablo Fanque ni ẹ fún ní ìlà kan péré: adúláwọ̀ tó ní sákọ́ọ̀sì tirẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà yẹn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Òótọ́ ni pé ó ní sákọ́ọ̀sì. Ọdún 1841 ló dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ ni. Norwich ni wọ́n bí i sí, William Darby ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ William Batty, oní-sákọ́ọ̀sì kan, ló sì ti kọ́ṣẹ́. Ó ń rìn lórí okùn, ó ń tàkìtì, ó ń gun ẹṣin, ó sì ń kọ́ ẹṣin. Igi tí Léotard máa fò lórí rẹ̀ kò tíì dé nígbà náà. Orí okùn ni òkè àwọn eléré. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ṣí kúrò lára okùn náà bí ìṣẹ́jú, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Kí ènìyàn mọ èyí dójú àmì, kó tún sọ̀ kalẹ̀ wá mọ èdè ẹranko, ẹ bá mi ka irú wọn.

Ibi ẹṣin yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Ní 1847 ó ṣeré ní Astley's, ilé sákọ́ọ̀sì kan tó lókìkí ní London, ìwé ìròyìn Illustrated London News sì kọ̀wé nípa òun àti abo ẹṣin dúdú rẹ̀ tó ń jẹ́ Beda, pé àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹṣin náà ń jó sí orin. Ẹni tí kò bá gun ẹṣin rí lè rò pé ẹṣin ló ń gbọ́ ìlù. Ẹni tó gùn ún ni. Yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ìhà ẹṣin fẹ́ẹ́rẹ́, yóò fi ìka méjì fa ìjánu débi tí èrò ò ní rí i, yóò sún ìdí díẹ̀ lórí gàárì, ẹṣin á gbé pátákò ọ̀tún sókè, á fi mẹ́ta dúró, á tún gbé tòsì. Tí ẹṣin bá yẹ̀ díẹ̀, onílù sákọ́ọ̀sì tó bá mọṣẹ́ á tètè dẹ ìlù kó lè bá pátákò mu. (Mo gun ẹṣin fún ọdún méjì. Tèmi kò jó rárá. Èmi ni mo ń jó lórí rẹ̀.)

Àlùfáà kan tó ń ṣiṣẹ́ láàrin àwọn eléré, Thomas Horne, kọ ọ́ lẹ́yìn ikú Fanque pé kò sí ààlà àwọ̀ láàrin ẹgbẹ́ àwọn elẹ́ṣin. Mi ò rò pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹṣin kì í wo àwọ̀ ẹni tó gùn ún.

Iṣẹ́ náà gba nǹkan lọ́wọ́ Fanque. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 1848, ní Leeds, ọmọ rẹ̀ ń ṣeré lórí okùn nígbà tí ibi tí èrò jókòó sí lókè ya lulẹ̀. Nǹkan bí 600 ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kú: Susannah, ìyàwó rẹ̀, tí pákó bà lẹ́yìn orí. Ọmọ wà lórí okùn, ìyá wà lábẹ́ pákó. Síbẹ̀ wọ́n padà sẹ́nu eré.

Mo kẹ́kọ̀ọ́ ní Leeds. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń gba St George's Field, pápá tó jẹ́ itẹ́ òkú tẹ́lẹ̀, kọjá, tí mo tẹjú mọ́ fóònù, kí ẹnì kan tó fi òkúta ibojì Susannah hàn mí. Orúkọ ọkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tirẹ̀, Darby àti Fanque pa pọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó kú: ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 1871. Wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ òkúta ibojì kúrò nínú pápá yẹn, àmọ́ èyí wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbé òkú Fanque gba ìgboro kọjá, àwọn onífèrè wà níwájú, wọ́n sì wọ aṣọ ọ̀fọ̀ fún ẹṣin tó fẹ́ràn jù, wọ́n fà á dání lọ síbi ìsìnkú.

Tí ẹ bá tún máa tẹ àwòrán rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: arìn-lórí-okùn, akọ́ṣin. Tí àyè bá ṣẹ́kù, kí ẹ wá fi sákọ́ọ̀sì rẹ̀ kún un.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín àtìgbà pípẹ́