Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Olóṣẹ Adó-Èkìtì Lórí Ìwádìí Ọṣẹ Wóró-wóró Tó Ń Falẹ̀

Sí: Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Èkìtì
Ẹ̀dà sí: Kọmíṣánnà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, Ààfin Kábíyèsí, Ẹwí ti Adó-Èkìtì

Alága wa ọ̀wọ́n,

A kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa tí a ń se ọṣẹ ní Adó àti àwọn ìletò tó yí i ká la kọ ìwé yìí. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ ọṣẹ wóró-wóró tó ń ti òkè òkun wá dé Àbújá, kí ẹ sì bá wa gba ọjọ́ lẹ́nu wọn. A ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì kan níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí wà níkàáwọ́ rẹ̀, pé kí wọ́n wádìí bóyá ìjọba òkèèrè ló ń fowó ran ọṣẹ náà lọ́wọ́, kí wọ́n lè gbé owó ibodè lé e bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwa. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí a bá débẹ̀, "a ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀" ni wọ́n ń sọ. Akọ̀wé wa bèèrè nọ́ńbà fáìlì, wọ́n ní kó lọ fọkàn balẹ̀.

Ọṣẹ wóró-wóró yìí, tí àwọn tó ń kó o wọlé ń pè ní noodles, ọṣẹ tí wọ́n ti sè tán ni. Epo pupa àti àdín ni wọ́n fi ń sè é ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Indonéṣíà àti Málèṣíà, wọ́n á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò. Ẹni tó bá rà á kò nílò iná, kò nílò sódà, kò nílò eérú. Á da lọ́fínńdà àti aró sí i, á gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ti di ọṣẹ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Èèpo kókó la ń sun di eérú, a ó rọ ọ́ sínú ajere, a ó máa bu omi lé e lórí kó máa sẹ́ wálẹ̀, omi eérú yẹn la ó sì sè títí yóò fi ki kí àdín tó kàn án. Ìyá tó jẹ́ àgbà jù nínú ẹgbẹ́ wa ṣì máa ń fi ahọ́n tọ́ omi náà wò. Bí kò bá ta á lẹ́nu, ẹ ó dá a padà sínú ajere ni o. Nígbà tí a gbé ọṣẹ inú àpò yẹn wá sípàdé, Ìyá mú hóró kan, wọ́n fi èékánná ha á, wọ́n gbé e símú, kò ní òórùn kankan. Wọ́n ní, "Ẹni tó se èyí kò ra àdín lọ́jà tiwa." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Owó tí wọ́n ń ta àpò kan kò tó owó àdín tí a ó fi se ọṣẹ tó wúwo tó o, a kò tíì ka owó igi ìdáná àti ti òṣìṣẹ́.

Ẹ lè ní ṣebí ìjọba ti fòfin de ọṣẹ òkèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọṣẹ tí wọ́n ti dì fún títà lẹ́yọ-lẹ́yọ wà lára ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ jẹ́ kó wọlé. Èyí tí wọ́n kó sínú àpò ńlá kò sí lára rẹ̀. Ilẹ̀kùn iwájú la tì, a ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀.

A kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fòfin de èyí náà o. Ìwádìí là ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ó pẹ́ tí Indonéṣíà ti ń gba owó orí lórí epo pupa tí a kò tíì ṣe nǹkan kan sí kó tó jáde nílùú wọn, tó sì wúwo ju èyí tí wọ́n ń gbà lórí ohun tí wọ́n fi epo náà ṣe. Epo á wá pọ̀ nílé, á sì rọ àwọn ilé iṣẹ́ tiwọn lọ́rùn láti rà. Bóyá ìyẹn jẹ́ owó ìrànwọ́ ìjọba lábẹ́ òfin òwò àgbáyé, àwọn amòfin ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wádìí rẹ̀, kì í ṣe kí àwa máa pariwo lọ́jà.

Nàìjíríà kò ṣaláìní òfin. Láti 1958, kí a tó gba òmìnira, la ti ní òfin lórí ọjà tí ìjọba òkèèrè fowó ràn lọ́wọ́. Ó dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, tí a wà nínú rẹ̀ láti 1995, sì fi gbèdéke sí i: kí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ parí láàárín ọdún kan, kó má sì kọjá oṣù 18 bó ti wù kó rí. Àmọ́ ọjọ́ tí ìjọba bá kéde pé òun ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ni wọ́n ti máa ń kà á. Bí wọn kò bá kéde, kò sí oṣù tí wọ́n ń kà. Ibẹ̀ gan-an la há sí. Ní oṣù kẹta 2017, àwọn tó ń fi epo ohun ọ̀gbìn ṣe dísẹ́ẹ̀lì ní Amẹ́ríkà kọ irú ẹ̀bẹ̀ yìí sí ìjọba wọn nípa ọjà Indonéṣíà àti Argẹntínà. Nígbà tó fi di oṣù kìíní 2018, owó orí ti wà lórí ọjà náà.

Ìdí mìíràn wà tí a kò fi lè dá a ṣe. Àdéhùn Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé lórí irú ìwádìí yìí ní àwọn tó fọwọ́ sí ẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn tó ń ṣe ìdá 25, ó kéré tán, nínú ọgọ́rùn-ún irú ọjà náà tí a ń ṣe nílé. Gbogbo olóṣẹ Adó kò lè tó bẹ́ẹ̀ láé. A kò sì ní fi pamọ́ fún yín pé àwọn kan nínú wa ti ń ra ọṣẹ wóró-wóró yìí. A kò bá wọn jà. Ọmọ wọn gbọ́dọ̀ jẹun.

A mọ̀ pé owó ibodè kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé òfin 1999 gbé e lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́, ẹni tó bá sì ní kí ẹ lọ dá ọkọ̀ ọṣẹ dúró lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ ń tàn yín ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó bá ní òǹtẹ̀ yín lórí kì í pẹ́ lórí tábìlì bíi tiwa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé gba ọwọ́ Kọmíṣánnà sí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òwò, kí ẹ bèèrè nọ́ńbà fáìlì wa àti ọjọ́ tí wọn yóò sọ bóyá wọn á bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tàbí wọn kò ní bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ rárá ni, kí wọ́n kọ rárá sínú ìwé.

Ẹ tún bá wa rán àwọn òṣìṣẹ́ yín tó mọ ìṣirò tẹ̀lé akọ̀wé wa káàkiri. Ẹ̀rí ni wọ́n máa bèèrè ní Àbújá: iye àdín tí a rà, iye ọṣẹ tí a tà, iye ẹni tó ti pa iṣẹ́ tì. Inú ìwé ọmọ iléèwé ni tiwa wà, ti àwọn ìyá mìíràn sì wà lára ògiri, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí òjò bá rọ̀ sí i, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Kí ẹ sì bá àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ 15 yòókù ní Èkìtì sọ̀rọ̀, kí àwọn olóṣẹ tiwọn lè fọwọ́ sí i pẹ̀lú wa. Ní ti owó ìsọ̀, kí ẹ jẹ́ kó dúró síbi tó wà títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi níyanjú.

Akọ̀wé wa yóò mú ẹ̀dà ìwé àkọ́kọ́ tó ní òǹtẹ̀ àti ọṣẹ méjèèjì wá sí sẹkitéríàtì ní ọjọ́ tí ẹ bá dá fún wa. Ọjọ́ kọ́jọ́ la lè wá, àyàfi ọjọ́ ọjà.

Àwa ni, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́,

Alága
Akọ̀wé
Akápò