Wọ́n dájọ́ akápò wa lórí fóònù tí òun fúnra rẹ̀ kò ní

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá èdè wa tí ẹ ò jẹ́ kó parun. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́rùn mi láti oṣù kẹta ọdún yìí. Mo gbìyànjú láti gbé e mì, kò lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí sí yín.

Ọmọ ilẹ̀ Yàgbà ni mí, ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, oko kájú díẹ̀ ni mo wá ń bójú tó báyìí. Ọdún kẹta rèé tí tiransifọ́mà àdúgbò wa ti jó tí a wà nínú òkùnkùn. Bí gbogbo ìlú Okun, ìyẹn àwa Yorùbá Kogí, ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọwọ́ ìjọba kò bá tó wọn, a bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó jọ. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, ní Àbújá, ní Lọ́kọ́ja, títí kan àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, gbogbo wa pàdé nínú gúrúùpù WhatsApp kan, a ju igba èèyàn lọ níbẹ̀. Owó náà ti di ₦3,850,000. Ìyá kan tó ń ra kájú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ni a fi ṣe akápò, nítorí pé láti nǹkan bí ogún ọdún tó ti ń dúró nídìí òṣùwọ̀n, kò tíì sí àgbẹ̀ tó sọ pé ó rẹ́ òun jẹ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan ya fọ́tò iwájú ilé ìyá yìí. Àpò símẹ́ǹtì ló tò síbẹ̀, wọ́n fi tàpólì bo ìdajì nítorí òjò àkọ́rọ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó lórí àpò kan, ó ń jẹ máńgòrò, omi rẹ̀ ti ṣàn dé ìgúnpá. Fọ́tò náà wọ inú gúrúùpù, ohùn ọkùnrin kan sì tẹ̀lé e, kò tó ìṣẹ́jú kan: "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wo tiransifọ́mà wa o! Ó ti di símẹ́ǹtì."

Ó parí. Kí n tó ka èyí tó wà lókè tán, ìsàlẹ̀ ti kún. Ẹnì kan ní òun ti ń fura tipẹ́. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n lọ gbé e kó tó sá. Ọmọ kan tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹrin, tó jẹ́ pé bó bá wálé ọdún orí ìdọ̀bálẹ̀ ni yóò wà tí ìyá yìí bá ń kọjá, kọ ọ́ síbẹ̀ pé arúgbó olè ni. Wọ́n bú ọmọ tó ń jẹ máńgòrò pàápàá, wọ́n ní owó ìlú ló ń jẹ. Ọmọ ọdún méje!

Èmi náà ńkọ́? Mo kọ "Háà, ó mà ṣe o," mo sì fi ojú tó ń sunkún tẹ̀lé e. Mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ "ó mà ṣe o" ti gbà pé ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Láti ilé mi sí ilé ìyá yìí, ẹsẹ̀ kò lè rìn ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mi ò dìde.

Olóòtú mi, ibi tó dùn mí jù rèé: fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni ìyá yìí ń lò. Kò sí WhatsApp lórí rẹ̀. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń rojọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì ń dá a lẹ́bi, inú ọjà ló wà, ó ń wọn kájú. Àgbẹ̀ kan tó ti máa ń kó ọjà sílẹ̀ fún un láti ọdún yìí wá, tí yóò sì padà wá gbowó lọ́jọ́ ọjà tó bá tẹ̀lé e, di àpò rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà, ó ní kó kọ́kọ́ sanwó ná. Ìyá yìí rò pé àìsàn ló ń ṣe ará ilé ọkùnrin náà tó fi nílò owó. Ó sanwó, ó tún fi ẹgbẹ̀rún kan kún un pé kó fi ra oògùn. Ọjọ́ kejì ni ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Kàbà pè é pẹ̀lú ẹkún, nítorí pé àwọn àna rẹ̀ ti gbọ́ ohùn náà nínú gúrúùpù tiwọn.

Símẹ́ǹtì yẹn, ti aládùúgbò rẹ̀ ni. Ilé tó ń kọ́ wà lẹ́yìn, ọkọ̀ kò lè wọ ibẹ̀, ni awakọ̀ bá já a síwájú ilé ìyá, tí olówó rẹ̀ sì lọ sóko fún ọjọ́ méjì. Èèyàn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí kọ́bọ̀ tó lè jáde ní báńkì, akápò nìkan kò lè dá a yọ. Nígbà tí wọ́n pè wá jọ lọ́dọ̀ àwọn àgbà, ìyá yìí gbé ìwé báńkì náà jáde nínú àpò ọ̀rá, a kà á lójú gbogbo èèyàn. Owó pé géérégé. Ó wo ojú mi, kò pariwo. Ó ní, "Tíṣà, wọ́n ní ẹ̀yin náà rí i. Ẹ sì mọ ọ̀nà ilé mi."

Akọ̀wé ya fọ́tò ìwé báńkì náà, ó gbé e sínú gúrúùpù kan náà. Èèyàn mọ́kànlá ló fèsì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọwọ́ àdúrà ni wọ́n fi síbẹ̀, wọn ò sọ ohun kankan. Ẹni tó fi ohùn sílẹ̀ jáde ní gúrúùpù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohùn rẹ̀ kò sì bá a jáde. Ó ṣì ń lọ láti ìlú kan sí èkejì, nítorí fọ́tò ìwé báńkì kò dé ibi tí ohùn dé, kò sì sẹ́ni tó gbé e débẹ̀.

Mo fẹ́ mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, mo sì ní kí ọmọ mi bá mi wá a. Ó ka ìwádìí kan fún mi tí àwọn onímọ̀ yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2018. Wọ́n wo nǹkan bí 126,000 ìròyìn tí nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn gbé kiri lórí Twitter láàárín 2006 sí 2017. Òtítọ́ lo nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà àkókò tí irọ́ lò kó tó dé ọ̀dọ̀ 1,500 èèyàn. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti máa tẹ ọ̀rọ̀ jáde bí èèyàn ló ń ṣe é. Wọ́n ní rárá, ẹ̀rọ ń gbé irọ́ àti òtítọ́ kiri bákan náà, àwa èèyàn la fẹ́ràn láti gbé irọ́, nítorí pé ó máa ń yani lẹ́nu, ó sì máa ń kóni nírìíra.

Àwọn tó ni irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ kò sì wẹ̀ mọ́. Nínú àwọn ìwé tí obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Facebook, Frances Haugen, kó jáde lọ́dún 2021, ayé rí i pé láti 2017, bí èèyàn bá tẹ ojú tó ń bínú sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ìlọ́po márùn-ún "like" ni ẹ̀rọ wọn máa ń kà á sí nígbà tó bá ń pinnu ohun tí yóò gbé síwájú àwọn èèyàn. Ó di 2020 kí wọ́n tó sọ ọ́ di òdo. Ẹ fojú inú wo ọjà kan tó jẹ́ pé ẹni tó bá ń pariwo èébú ni wọ́n ń fún ní ìsọ̀ iwájú. Ta ni yóò fẹ́ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ níbẹ̀? WhatsApp kò ní irú ètò yẹn, wọ́n tilẹ̀ ṣe ohun tó dára: ní 2019 wọ́n ní èèyàn kò lè taari ọ̀rọ̀ sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó di 2020 wọ́n sọ ọ́ di ibi kan péré fún èyí tó bá ti rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí kò ní ṣàì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ ọdún 2014 kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí Ebola wọ Nàìjíríà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lóru pé kí n fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí n sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìròyìn gbé e lẹ́yìn náà pé èèyàn méjì kú ní Ìpínlẹ̀ Plateau nípasẹ̀ rẹ̀. Irọ́ ni, ó sì pani, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ló mú ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí láago. Èyí tó gbé ti akápò wa kiri, ìbínú ni. Mi ò sì lè sọ pé ìbínú náà kò nídìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń fowó ránṣẹ́ ti rí iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún tí kò délẹ̀, wọ́n ti rí kànga tí wọ́n gbẹ́ sínú ìwé lásán. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló yóò sá. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n wà lọ́nà jíjìn, wọn ò lè kan ilẹ̀kùn. Àwa tó lè kan ilẹ̀kùn ló yẹ kó kàn án, a ò ṣe é.

Àwọn kan ní kí ìyá yìí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, pé òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára tọdún 2015 wà níbẹ̀. Mi ò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Abala 24 òfin náà ni wọ́n ti fi mú àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn tó bu ẹnu àtẹ́ lu aláṣẹ, títí tí Ilé-ẹjọ́ ECOWAS fi sọ lọ́dún 2022 pé kí Nàìjíríà tún un ṣe, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Bí ọlọ́pàá bá ti ọmọ ìlú wa mọ́lé, ṣé àgbẹ̀ yẹn yóò tún kó kájú rẹ̀ sílẹ̀ láì gbowó? Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa gúrúùpù wa rẹ́. Òun ló kó owó náà jọ. Òun náà la fi ń mọ̀ bóyá ọ̀nà dára kí ọmọ wa tó gbéra láti Kàbà, nítorí àwọn ajínigbé.

Ìkíni ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ. "Okun o" tí a fi ń kí ara wa ni àwọn ẹlòmíràn gbọ́ tí wọ́n fi ń pè wá ní Okun, Yàgbà o, Ìjùmú o, Owé o, Bùnú o, Ọ̀wọ̀rọ̀ o. Bí ẹjọ́ bá délé bàbá wa, kí wọ́n tó dá sí i, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu àgbà ni "Ẹ pè é wá." Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òun ni àgbà òṣìkà. Kí ló dé tí kò sí "Ẹ pè é wá" nínú fóònù wa?

Mo ní ìbéèrè lọ́dọ̀ ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo ń rí i nínú àwọn ìwé ìròyìn wa pé ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ fọ́tò ẹnì kan lórí Facebook ni wọ́n ń kó jọ tí wọ́n ń pè ní ìròyìn: "Àwọn èèyàn bú lágbájá." Wọn kì í pe lágbájá. Ẹ̀yin ní akọ̀ròyìn, ẹ ní nọ́ńbà, ẹ sì ní orúkọ tí èèyàn fi ń gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Bí irú rẹ̀ bá dé tábìlì yín, ẹ fi sílẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ti ẹnu ẹni tọ́rọ̀ kàn. Bí ẹ bá sì ṣì í, ẹ jẹ́ kí àtúnṣe rẹ̀ wà ní ojú ìwé kan náà tí ẹ̀sùn wà, kó sì tóbi bákan náà.

Ìyá yìí ti kọ̀wé fi ipò akápò sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á, gbogbo wọn ló ń bẹ̀rù fọ́tò. Owó wà ní báńkì, owó tiransifọ́mà ń gbówó lérí lójoojúmọ́, òkùnkùn sì ṣì wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn àgbà ní kí èmi wá ṣe é. Mo ní màá gbà bí gúrúùpù bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé kò sí ẹ̀sùn tí wọn yóò gbé síbẹ̀ kí ẹnì kan tó wà nílé tó dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, àti pé gbogbo àwa tí a kọ nǹkan sábẹ́ fọ́tò yẹn yóò gbé ìwé báńkì náà lọ sí gbogbo ibi tí a gbé ohùn náà dé. Mo ti gbé e lọ sí ibi mẹ́ta. Ìpàdé di Sátidé tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ilẹ̀ Yàgbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.