Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ilé tí wọ́n fẹ́ gbé Màmá lọ

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o, o sì kú òtútù ibẹ̀ yẹn. Ṣé àlàáfíà ni Bàbá Fòlú àti àwọn ọmọ wà? Mo mọ̀ pé o ti ń retí èsì mi láti ìgbà tó o ti ní kí n bá ẹ wo ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tí Bọ̀dá Délé fẹ́ gbé Màmá lọ. Mi ò lè kọ ọ́ sórí WhatsApp, kò sí gúrúùpù wa kan tí Bọ̀dá ò sí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ kí ìwọ tó gbọ́. Ọmọ àdúgbò wa tó ń padà sí Manchester ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Má kà á níbi iṣẹ́.

Kí àyà rẹ má baà já, ara Màmá le. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ṣì ń kọ orin ẹgbẹ́ wọn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ iná gáàsì tí mo sọ fún ẹ nígbà yẹn, ó tún ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbé omi àmàlà kaná, wọ́n gbàgbé, wọ́n lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ìkòkò fi jó dúdú. Ọmọ tó ń bá wọn gbé ti lọ sílé ìwé. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n bi mí pé ta ni mí. Ká tó ṣẹ́jú wọ́n ti rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àṣàkẹ́ ni, àbí ta ló tún máa ń wọlé láìkanlẹ̀kùn?" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Torí náà mi ò dá Bọ̀dá lẹ́bi pé wọ́n ń wá ilé. Àwọn ẹbí yín tó ń pariwo pé èèwọ̀ ni, pé a kì í gbé ìyá ẹni fún àjèjì tọ́jú, èwo nínú wọn ló ń sùn tì wọ́n?

Ilé tí Bọ̀dá fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ rẹwà lóòótọ́. Èmi àti Bọ̀dá la jọ kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ti mọ ọjọ́ tí a ń bọ̀. Táìsì ń dán, òdòdó wà lẹ́nu géètì, wọ́n fún wa ní máàtì mu. Gbogbo àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ wọ ankárá kan náà, wọ́n tò wọ́n sí pálọ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fu mí lára. Bọ̀dá ní, "Ṣé o rí i?" Mi ò sọ nǹkan kan.

Nígbà tó yá mo dá padà lọ, láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ lo kọ́ mi. O ní àjọ tó ń yẹ irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ wò ní England, Care Quality Commission, kì í sábà sọ fún ilé ìtọ́jú pé àwọn ń bọ̀, wọ́n á kàn yọ ni. Ìbéèrè márùn-ún tó o ní wọ́n máa ń béèrè ni mo kọ sínú ìwé kékeré kan: ṣé kò séwu níbẹ̀, ṣé ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́, ṣé wọ́n láàánú, ṣé wọ́n ń dá kálukú lóhùn bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe rí, ṣé olórí ibẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Mo fi ìwé náà sínú báàgì.

Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Òórùn ìtọ̀ ló pàdé mi, wọ́n ti da Izal lé e lórí. Bàbá kan wà lórí àga, wọ́n fi ìborùn so wọ́n mọ́ ọn níbàdí. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ wọn ní torí kí Bàbá má baà ṣubú ni. Mo bi í pé ta ló máa ń bá wọn rìn. Kò rí èsì fọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n rí ìwé tí wọ́n ń kọ oògùn sí. Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ti fọwọ́ sí oògùn àárọ̀, wọ́n ti fọwọ́ sí ti ọ̀sán, wọ́n ti fọwọ́ sí ti alẹ́, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́wàá àárọ̀ ò tíì lù! Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ ni Màmá ń lò. Ì báà jẹ́ wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀mejì, ì báà jẹ́ wọn ò lò ó rárá, ìwé yẹn á máa sọ pé gbogbo nǹkan dára. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn bá já wálẹ̀ lóru tí wọ́n rò pé oorun lásán ni, ta ló máa mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́?

Mo ní mo fẹ́ kí ìyá kan tó dùbúlẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn. Mo ń tún aṣọ bò wọ́n lẹ́sẹ̀ ni mo fi wo gìgísẹ̀ wọn. Ó ti dúdú, ó sì ti rọ̀. O mọ ibi tí egbò ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè yí ara rẹ̀ padà, ó yẹ kí wọ́n máa yí i ní bíi wákàtí méjì síra, lọ́sàn-án àti lóru, torí pé gìgísẹ̀, ìdí, ìbàdí, ibi tí egungun bá ti sún mọ́ awọ ni egbò máa ń gbà wọlé. Mo béèrè iye èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ òru. Ọ̀kan ṣoṣo, fún gbogbo ilé. Ìgbà wo ló máa yí ẹni tó dùbúlẹ̀, ìgbà wo ló máa mú ẹlòmíràn lọ tọ̀? Fèrèsé yàrá yẹn, irin ni wọ́n fi dí i. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mátírọ́ọ̀nù tó lọ sí Ọjà Igbó. Bí iná bá sọ ńkọ́? Abẹ́ fèrèsé kan náà ni wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Gáàsì kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, òun ló ń pa odidi ìdílé mọ́jú.

Nígbà tí mo béèrè ìwé àṣẹ, ìwé CAC ni wọ́n gbé jáde, wọ́n ti fi férémù sí i. CAC ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ ni, kò wo bí wọ́n ṣe ń gbé arúgbó dìde. Níbi tí ìwọ wà, láti ọdún 2009 ni Care Quality Commission yẹn ti ń ṣiṣẹ́, ipele mẹ́rin ló wà tí wọ́n lè fi ilé kan sí, láti Outstanding títí dé Inadequate, onílé sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ ẹ́ síbi tí ojú gbogbo èèyàn á ti tó o. Ìjọba àpapọ̀ tiwa náà ti dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀ l'Abuja fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa yẹ ilé wò fún Màmá lóṣù yìí, àwa ni.

Ìyàwó pásítọ̀ wa ló júwe ilé kejì fún mi, lápá Arówómọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín. Kò rẹwà. Sìmẹ́ńtì lásán ni ilẹ̀ rẹ̀, ọ̀dà ara ògiri ti ń ṣí. Àmọ́ láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ariwo: bàbá méjì ń jà lórí rédíò, ọ̀kan fẹ́ gbọ́ ìròyìn, èkejì fẹ́ gbọ́ ewì. Ìyá kan ń já ẹ̀fọ́, ó ń bá wọn dá sí i. Inú mi tú ká. Kọ́ọ̀bù omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálukú níbi tí ọwọ́ wọn tó o, mo sì rántí ohun tó o sọ, pé òùngbẹ kì í gbẹ àgbàlagbà bó ṣe ń gbẹ wá, omi ara wọn lè gbẹ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Wọ́n ti kan irin ìdìmú mọ́ ara ògiri balùwẹ̀. Lóṣooṣù ni wọ́n ń gbé wọn sórí ìwọ̀n, torí pé bí àgbàlagbà bá ń fọn, nǹkan kan ló fà á. Mo bi nọ́ọ̀sì náà pé ṣé ẹnì kan ti ṣubú rí lọ́dọ̀ wọn. Kò tiẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì, ó mú ìwé kan wá: ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kó má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Ilé àkọ́kọ́ ní ẹnikẹ́ni ò ṣubú rí láti ọjọ́ tí àwọn ti ṣí. Ẹni tó fi ìwé hàn mí ni mo gbà gbọ́.

Kì í ṣe pé ọkàn mi balẹ̀ tán. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru, ta ló máa wa ọkọ̀ gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn Baptist? Ọkọ̀ wọn ti gbó, awakọ̀ kì í sì í sùn síbẹ̀. Mo sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì náà lójú, ó ní òun á wá nǹkan ṣe sí i. A ó máa wò ó.

Ọmọ mi kejì ti wọ LAUTECH. Ṣadé ti ṣègbéyàwó, aṣọ ẹbí rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ ṣì ń fìyà jẹ wá. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an, pàápàá bí mo bá kọjá ní Tákìé nírọ̀lẹ́.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún Bọ̀dá, wọ́n dá mi dúró, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Èmi, Àbẹ̀kẹ́, tó jẹ́ pé ọwọ́ Màmá ni mo ti jẹun dàgbà! Wọ́n tún ní ẹgbẹ́ kan náà làwọn àti ẹni tó ni ilé àkọ́kọ́, pé wọ́n á bá àwọn dín owó kù. Bí oṣù bá ti parí ni wọ́n fẹ́ san owó ọdún kan.

Mo bẹ̀ ẹ́, ìwọ fúnra rẹ pe Bọ̀dá, kí wọ́n má tíì sanwó. Má sọ pé èmi ni mo ní kó o pè. Sọ pé iṣẹ́ rẹ nìyí, pé o mọ ohun tó ń pa arúgbó. Ní kí wọ́n lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù láìsọ fún ẹgbẹ́ wọn, kí wọ́n béèrè ìwé oògùn. Lẹ́yìn náà, ibi yòówù kí Màmá wà, kọ ìwé kan, fọwọ́ sí i, kí Bọ̀dá náà fọwọ́ sí i, pé èmi Àṣàkẹ́ lè wọlé tọ Màmá nígbàkigbà, ì báà ṣe òru, kí wọ́n sì jẹ́ kí n máa rí ìwé oògùn wọn. Mi ò kì í ṣe ẹbí lórí ìwé. Bí wọ́n bá bi mí lẹ́nu géètì pé kí ni mo jẹ́ sí wọn, mo fẹ́ ní ohun tí mo máa mú jáde.

Ya fọ́tò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà mi tààrà kí oṣù tó parí, má fi sí gúrúùpù. Bó o bá sì rí bàtà inú ilé tí kì í yọ̀, tó ní ìdè lẹ́yìn, ra méjì fún Màmá. Èyí tí wọ́n ń wọ̀ ti jẹ tán lábẹ́.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́