Ẹ ní ẹ ti yanjú ẹ̀, ta ló yanjú ẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kí yín torí pé wọ́n kọ́ mi nílé, kì í ṣe pé mo rí iṣẹ́ kankan tẹ́ ẹ ṣe. Èmi ni mo wà nídìí kọ̀ǹpútà ní ọsibítù wa ní Ìbàdàn níbí, ẹ mọ̀ mí dáadáa, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀sùn wa wà lọ́dọ̀ yín, kódà mẹ́ta ló wà, torí gbogbo ìgbà tí mo bá pè lẹ máa ń ṣí tuntun, tí màá tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti orí Ádámù àti Éfà. Mi ò ní sọ irú storage tá a rà, ẹ̀rọ tá a fẹ́ máa kó scan àwọn aláìsàn wa pa mọ́ sí. Ẹ lọ wò ó nínú ìwé yín, ẹgbẹ́ ibi tẹ́ ẹ kọ owó wa sí ló wà.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí ni text tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹ ní ẹ ti yanjú ìṣòro mi, ẹ ti ti tíkẹ́ẹ̀tì náà pa, kí n jọ̀ọ́ fún yín ní star, ó lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jẹ́ márùn-ún. Mo dìde, mo rìn lọ sí server room, yàrá tí àwọn ẹ̀rọ ńlá wa wà, mo ní bóyá iwin ló wá bá wa tò ó lóru. Mo débẹ̀, ẹ̀rọ yín ṣì wà lórí pákó tẹ́ ẹ gbé e lé, nínú páálí, tòun ti nylon lára. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ti ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lé e lórí báyìí, mi ò sì bá a wí, torí ó ti tó àkókò kí nǹkan yẹn wúlò fún ẹnì kan.

Lórí site survey yín, ìyẹn àyẹ̀wò ibi tẹ́ ẹ máa to ẹ̀rọ sí, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Ẹnjinníà yín wá ní Jánúárì, ó lo bí ogún ìṣẹ́jú, ó ya fọ́tò, ó mu mínírà, ó lọ. Mo sọ fún un pé ráàkì wa, férémù onírin tá a ń to ẹ̀rọ sí, ti pẹ́, kò jìn tó ti òde òní, ihò ara ẹ̀ sì róbótó, kó jọ̀ọ́ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ó ní, "Àǹtí, ráàkì ni ráàkì." Nígbà tí ẹrù dé ní Máàṣì, irin tó yẹ kó gbé ẹ̀rọ dúró gùn ju ráàkì lọ, oníhò igun mẹ́rin sì ni. Inú pílánù tó yà, waya iná méjèèjì lọ sínú UPS kan ṣoṣo, ìyẹn bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ ró tí iná bá lọ. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe kí ọ̀kan lè kú kí èkejì máa ṣiṣẹ́ ni wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ náà ní power supply méjì? Ó ní kò sí wàhálà, iná ò lè burú tó bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn o!

Gbogbo ìyẹn, mo fojú fò ó. Èèyàn lè ṣàṣìṣe. Ẹ ní irin míì ń bọ̀ láti Èkó, ọ̀sẹ̀ kan péré. Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́ta. Mo pè, wọ́n ní ẹnjinníà ti wà lọ́nà, ó ti dé Ìbàfò. Mo bá lọ bẹ àwọn dókítà pé a máa pa sáfà láti aago méjì ọ̀sán, mo dá àwọn ọmọ méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́ dúró, ebi ń pa wá, aago mẹ́fà lù, kò sẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ó wà ní Ìbàfò. Wẹ́sìdé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíì ló gbé fóònù, òun náà ní Ìbàfò. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé ó ti kọ́lé síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbọ́, ká wá bá a ṣílé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní Tọ́sìdé tó kọjá yẹn ni mi ò lè gbé mì. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi gbọ́ orin yín kó tó dáhùn. Mo ṣàlàyé fún un jẹ́ẹ́ pé storage wa àtijọ́ tó yẹ ká ti kó nǹkan kúrò lórí ẹ̀, dísìkì kan ti kú nínú ẹ̀, RAID 5 sì ni wọ́n fi to àwọn dísìkì ẹ̀ pọ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé tí ọ̀kan péré bá tún kú kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀, gbogbo scan ọdún mẹ́fà ti wọmi, dísìkì irú ẹ̀ ò sì sí lọ́jà mọ́, ẹ̀yin gan-an lẹ sọ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ta tuntun fún wa. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ gbé fóònù fún ọ̀gá yín ọkùnrin tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ."

Mo ní èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ. Ó ní òun ò mọ̀ pé obìnrin máa ń ṣe ti ráàkì.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ráàkì tẹ́ ẹ ní ráàkì ni ráàkì yẹn, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi de bóòtù ẹ̀ mọ́lẹ̀, pẹ̀lú oyún oṣù márùn-ún níkùn. Ọmọ yẹn ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì báyìí.

Kò tán síbẹ̀. Ó gbà mí nímọ̀ràn pé tí àyè ò bá tó mọ́ lórí ti àtijọ́, ká pa àwọn fọ́tò tá ò nílò rẹ́. Fọ́tò! Ó rò pé fọ́tò òwàǹbẹ̀ la kó síbẹ̀. CT scan orí èèyàn ni, X-ray àyà ni, èyí tí dókítà máa ṣí lẹ́yìn ọdún méjì láti wò ó bóyá kókó yẹn ti tóbi sí i. Èwo ni ká pa rẹ́ níbẹ̀? Ṣé ká pe àwọn aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan ni, "Bàbá, ẹ káàsán sà, ṣé ẹ ṣì nílò ẹ̀dọ̀fóró yín?" Mo béèrè orúkọ ẹ̀, ó ní customer care lorúkọ òun. Mo ní kó fún mi ní ọ̀gá ẹ̀, ó tún gbé mi sórí orin, ìpè já. Ẹ sọ pé ẹ máa ń gba ohùn wa sílẹ̀ kí iṣẹ́ yín lè dára sí i. Ẹ lọ gbọ́ ti Tọ́sìdé yẹn.

Ní báyìí, aago mẹ́sàn-án alaalẹ́ ni mò ń fọwọ́ ara mi kó scan ọjọ́ náà sórí hard disk kéékèèké tí matron ń bá mi tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn. Data center wa nìyẹn. MD sì bi mí níwájú àwọn akáńtì pé ṣé èmi ni mo mú ilé-iṣẹ́ yìí wá. Èmi ni mo mú yín wá lóòótọ́. Ẹnu mi ni mo fi sọ pé ẹ mọ iṣẹ́. Mo mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn wọn, pé mo ti jẹ nínú owó yẹn. Wáráńtì ọdún mẹ́ta tẹ́ ẹ fún wa náà, mo tún un kà, ọjọ́ tẹ́ ẹ já ẹrù sílẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìyẹn ni pé abẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì la ti ń ná an.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ọjọ́ méje ni mo fún yín láti òní. Ẹ mú irin tó bá ráàkì wa mu wá, kí waya iná kan lọ sí UPS àkọ́kọ́, kí èkejì lọ sí UPS kejì, kẹ́ ẹ tò ó sí RAID 6 bá a ṣe kọ ọ́, tí dísìkì méjì bá kú ká ṣì rí nǹkan wa, kí ẹnjinníà sì dúró tì mí títí scan tó kẹ́yìn á fi kọjá sórí ẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá sáìn pé ó ń ṣiṣẹ́ ni wáráńtì máa bẹ̀rẹ̀. Mo sì fẹ́ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ látọ̀dọ̀ ọmọkùnrin yẹn, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀ gidi.

Tí ọjọ́ méje bá pé tí mi ò rí yín, ẹ wá gbé páálí yín, kẹ́ ẹ dá ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún tá a san padà. Mo ti tẹ ìwé tí mo máa fi ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, òfin 2018 tó dá wọn sílẹ̀ sọ pé oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí kí iṣẹ́ parí lásìkò, kí wọ́n sì tètè sọ fún un tí ìdádúró bá wà, kò sì sí Ìbàfò nínú ẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé dísìkì kejì kú kẹ́ ẹ tó dé, wákàtí 72 ni òfin ààbò dátà 2023 fún wa láti lọ sọ fún Commission tó ń bójú tó ààbò dátà, gbogbo ìmeèlì tí mo kọ sí yín sì máa tẹ̀ lé e, tòun ti ọjọ́ tí mo kọ wọ́n. Lọ́yà ọsibítù ti ní kọ́pì lẹ́tà yìí.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ má wá ní Fúráìdé, kíléníìkì máa ń kún. Kí ẹnjinníà mú ID card dání torí bàbá gate wa kì í gbà. Kó má pè mí láti Ìbàfò. Tó bá ti wọ Ìbàdàn, tó dé Toll Gate, kó pè mí níbẹ̀.

Èmi ni,
Ọ̀gá kọ̀ǹpútà ọsibítù tẹ́ ẹ mọ̀ (obìnrin)