Lẹ́tà sí Bàbá Àgbà, ọ̀gá akọrin, láti Leeds

Bàbá àgbà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́ o. Ọdún mọ́kànlá rèé tí ẹ ti re ibi àgbà ń rè, mi ò sì tíì bá yín sọ̀rọ̀ gidi kan láti ìgbà náà. Ó ní ohun tó ń dì mí lẹ́nu. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Leeds ni mo wà, ní Yorkshire, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún kẹfà mi níbí nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní òpópónà Kirkgate ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́, ibẹ̀ ni mo sì ti wá mọ̀ pé dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni Samuel Sebastian Wesley, ẹni tó ń ṣe orin ìsìn, fi ọdún méje tẹ̀. Wesley yẹn gan-an, Bàbá. Ẹni tí ẹ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ rẹ̀ sí igun pátákó, tí ẹ ó fa ìlà méjì sí i nídìí, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ d, r, m fún wa.

Mo mọ̀ pé ibi tí àwọn akọrin ń jókòó sí ni ẹ ó kọ́kọ́ bi mí. Ẹ jẹ́ kí n mú yín láti ìta wọlé. Pétérù Mímọ́ ni wọ́n fi sọ ṣọ́ọ̀ṣì náà, bíi ti Aké. Òkúta rẹ̀ ti dúdú. Ojú irin gba inú itẹ́ òkú rẹ̀ kọjá, láti 1869, wọ́n sì kó àwọn òkúta sàréè, wọ́n tẹ́ wọn sára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń gbà lókè. Bí ẹ bá wọlé, igi dúdú ni gbogbo àjà tó yí i ká. Níwájú pátápátá, nítòsí pẹpẹ, ni ìjókòó akọrin wà: ìhà kan lọ́tùn-ún, ìhà kan lósì, wọ́n kọjú síra wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe to bẹ́ńṣì mẹ́rin yẹn fún wa.

Wọ́n wọlé ní méjì méjì, àwọn kékeré níwájú, àwọn àgbà lẹ́yìn, ẹ̀wù funfun lórí ẹ̀wù gígùn. Bàbá, ìrìn yẹn! Ẹsẹ̀ kò sáré, kò sì falẹ̀. Ìrìn tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé mẹ́ta kọ́ wa ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, tí ewúrẹ́ ìyá oníṣu ń tẹ̀lé wa lẹ́yìn. Nígbà tí mo wo ọwọ́ ara mi, ó ti gòkè wá sí àyà mi, bí ọwọ́ ẹni tó di ìwé orin mú.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí mo sọ fún yín lẹ́yìn Kérésìmesì ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Mo ti ka ìwé díẹ̀, ẹnu mi sì ti mú. Mo ní àlòkù òyìnbó ni gbogbo ohun tí ẹ ń kọ́ wa. Mo ní òyìnbó ti bọ́ ẹ̀wù yẹn sọnù tipẹ́tipẹ́, pé ẹ̀yin lẹ lọ ṣà á wọ̀. Mo bọ́ súpílísì mi, ẹ̀wù funfun akọrin yẹn, mo ká a, mo gbé e lé orí hamóníọ̀mù, mo sì jáde. Ẹ ò dá mi lóhùn. Ìta ni mo wà tí mo fi gbọ́ tí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, tí ẹsẹ̀ yín ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Orin Síméónì arúgbó ni, ohùn áltò nìkan. Ohùn tèmi.

Mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ lónìí. Kì í ṣe torí pé ẹ ti kú. Mo ti rí i pé kì í ṣe òótọ́ ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, kàtídírà ló ni akọrin aláṣọ funfun tó ń jókòó sí iwájú. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí àjà ẹ̀yìn ni àwọn akọrin máa ń dúró sí, aṣọ ilé ni wọ́n ń wọ̀, àwọn onígòjé àti onífèrè ló sì ń gbè wọ́n. Leeds wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn. Nígbà tí àlùfáà Walter Farquhar Hook dé ibẹ̀ ní 1837, àkísà ló bá: ẹ̀wù ìsìn ti gbó, ìwé ìsìn ti ya, àwọn tí ìlú sì yàn láti máa tọ́jú owó ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ láti ná kọ́bọ̀ lé wọn lórí. Púpọ̀ nínú wọn kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ìjọ náà. Hook ò bá wọn jà pẹ́. Ó wó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, Robert Dennis Chantrell ya àwòrán tuntun, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án 1841. (Nínú ògiri tí wọ́n wó ni wọ́n ti rí àfọ́kù àgbélébùú òkúta kan tó ti wà kí àwọn ará Norman tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì di òní. Ẹ̀yin ì bá ti fọwọ́ kàn án.)

Ìlú òṣìṣẹ́ ni Leeds ìgbà náà, ìlú ilé ìhunṣọ, èéfín àti ariwo ẹ̀rọ. Àárín irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni Hook gbé orin kàtídírà kalẹ̀ sí, kì í sì í ṣe ọjọ́ Àìkú nìkan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọrin ìsìn. Owó tí àwọn èèyàn dá ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà akọrin. Ní 1842 ló wá mú Wesley wá láti Exeter.

Ẹ dákun, ẹ dúró díẹ̀ lórí ọdún yẹn. Oṣù Kẹsàn-án 1842 ni míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, Henry Townsend, míṣọ́nnárì bíi tirẹ̀, sì dé bá a nínú oṣù Kejìlá. Ìgbà tí Wesley ń jókòó sídìí dùùrù Leeds ni Ìjọ ń wọ ilẹ̀ wa. Ẹ̀wù funfun tí mo pè ní àlòkù, ó ṣì jẹ́ tuntun lára àwọn tó wọ̀ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò níhìn-ín náà. A ò ṣa àkísà ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ ni wá.

Sọ́fà, d, r, m yẹn, ńkọ́? Mo fi ìyẹn náà bú yín, pé ẹ ò mọ nóòtì orí ìlà. John Curwen tó tan sọ́fà kálẹ̀, Heckmondwike ni wọ́n bí i sí ní 1816, kò jìnnà sí Leeds rárá. Obìnrin olùkọ́ kan ní Norwich, Sarah Glover, ló ti ń fi irú rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọdé. Ní 1841, àwọn olùkọ́ tó pàdé ní Hull ní kí Curwen wá ọ̀nà tó rọrùn jù tí wọ́n lè fi kọ́ èèyàn lórin, ó sì mú iṣẹ́ Glover, ó tún un ṣe. Àwọn tí kò ní pianó nílé ló ṣe é fún. Ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ oníṣu, èmi. Ọdún kan náà tí wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì Leeds sí mímọ́ ni iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ ń na ọ̀pá sí pátákó, irinṣẹ́ tó péye ló wà lọ́wọ́ yín.

Àmọ́ ibì kan wà tí mi ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ o. Mo sọ fún yín pé ohùn òyìnbó ń ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣì rò. Ẹ̀jẹ̀ ni a fẹ́ pè, orin á gbé e sókè, ẹ̀jẹ́ ni ìjọ á gbọ́. Ẹ̀yin pàápàá kò jiyàn ìyẹn. Ẹ ní Thomas King Ekundayo Phillips, tó fi ọdún méjìdínláàádọ́ta, 1914 sí 1962, darí orin ní Christ Church ní Èkó, ti kọ ọ́ sínú ìwé tó ṣe lórí orin Yorùbá ní 1953. Ẹ ní ìdí nìyẹn tí Josiah Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta wa fi ń fi ohùn Yorùbá ṣe orin ìjọ, tó tún lọ kọ ọ́ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ẹ ti mọ gbogbo rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ẹ kàn nífẹ̀ẹ́ méjèèjì ni.

Sáàmù ló wá yé mi níbí. Ìró mẹ́wàá péré ni ohùn tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Lórí ìró àkọ́kọ́, èèyàn lè kó ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó lè kó mẹ́tàlá, ohùn á dúró de ọ̀rọ̀ títí yóò fi kọjá. Ẹ máa ń fi ìka lu tábìlì pé, "Ẹ má kọ ọ́, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé ni kí ẹ sọ ọ́." Ẹ máa ń ní kí a gbọ́ bí àwọn onírárà ṣe ń ṣe é, pé ọ̀rọ̀ ló ń rìn níwájú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ yẹn dé àárín ẹsẹ, wọ́n dákẹ́. Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó mí èémí kan ṣoṣo, kí ìdajì kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹ ń pè ní ibi tí Ọlọ́run ti ń dáhùn. Mo ti ń kà á nínú mi kí wọ́n tó débẹ̀: ọ̀kan, èjì. Ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́.

Ẹ rántí Àjíǹde ọdún òjò ńlá, tí afárá já, tó jẹ́ àwa ọmọdé àti bíríkìlà kan tó ń kọ báàsì nìkan la rí ọ̀nà dé? Ojú tì yín lọ́jọ́ náà, mo rí i. Nígbà tí Wesley wà ní Hereford, kó tó dé Leeds, ohun kan náà ló bá a ní ọjọ́ Àjíǹde: àwọn ọmọkùnrin nìkan, àti ọkùnrin kan ṣoṣo lórí báàsì, ìyẹn ìránṣẹ́ inú ilé olórí kàtídírà. Àwọn wọ̀nyẹn ló ṣe áńtẹ́ẹ̀mù rẹ̀ kan, orin tí akọrin ń dá kọ nínú ìsìn, fún, ó sì di èyí tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Bóyá ẹ ti mọ ìtàn yìí. Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Kò rọrùn láti bá Wesley gbé, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ẹja ló fẹ́ràn pípa, níbi tó ti ń lọ pa á ní 1847 ló ti fi ẹsẹ̀ ṣẹ́. Ní 1849 ó gba Winchester lọ, ọdún yẹn náà ló sì kọ ìwé kékeré kan tó fi bínú sí àwọn kàtídírà, pé bí àgbà ọkùnrin akọrin bá dín sí méjìlá, kò tó láti gbé ìsìn. Méjìlá! Mẹ́rin lẹ ní. Winchester ló wà nígbà tí ohùn Aurelia rẹ̀ jáde ní 1864, ọdún tí wọ́n fi Àjàyí Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ohùn yẹn la fi ń kọ orin ìpìlẹ̀ Ìjọ ní gbogbo àjọ̀dún, tí ìjọ á dìde tí bẹ́ńṣì á máa ké. Ọmọ ọmọ Charles Wesley, ọ̀kan lára àwọn tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, ni. Ẹ sọ fún Ìyá àgbà tó jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì, inú wọn á dùn.

Àwọn tó tẹ̀lé e ní Leeds ò kéré. Edward Bairstow jókòó síbẹ̀ láti 1906 sí 1913 kó tó lọ sí York. Simon Lindley wà níbẹ̀ láti 1975 títí di 2016. Láti 2012 ni wọ́n ti ń pe ṣọ́ọ̀ṣì náà ní Leeds Minster.

Ohun kan wà tí ẹ fi ṣáájú wọn, Bàbá, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọkùnrin ló máa ń kọ tírẹ́bù níhìn-ín láyé àtijọ́, àgbà ọkùnrin ló ń kọ áltò. 1991 ni kàtídírà Salisbury tó dá ẹgbẹ́ akọrin ọmọbìnrin sílẹ̀, àwọn kàtídírà yòókù sì tẹ̀lé e. Màmá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin ti ń kọrin lábẹ́ yín ṣáájú ìgbà yẹn. Mo rántí pé àwọn àgbà kan nínú ìjọ kùn nígbà tí ẹ fi èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí ìlà iwájú. Ẹ ní, "Ohùn ni mo gbọ́."

Nígbà tí mo délé láti Kirkgate, mo bẹ Àǹtí kí wọ́n bá mi wá ìwé sọ́fà yín jáde nínú àpótí. Wọ́n ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Wesley wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìlà méjì rẹ̀. Lẹ́yìn ìwé náà ni ẹ ti ń ṣàmì àwọn tó wá sí ìdánrawò, Ọjọ́ Ẹtì sí Ọjọ́ Ẹtì. Orúkọ mi ló gbẹ̀yìn lábẹ́ áltò. Lẹ́yìn Kérésìmesì yẹn, òdo ni ẹ fi sí iwájú rẹ̀. Òdo, òdo, òdo, títí ìwé fi tán. Nígbà tí ẹ mú ìwé mìíràn, ẹ tún kọ orúkọ mi sí i.

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà lẹ́yìn ilé mi, akọrin mẹ́sàn-án ni wọ́n ní. Ọ̀gá akọrin wọn ní kí n wá ní Ọjọ́ Ẹtì yìí, agogo méje alẹ́. Mo ti sọ fún un pé áltò ni mí.

Ọmọ ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́