Àbẹ̀kẹ́, dá ẹni náà lóhùn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò pọ̀ jù? Àwa wà dáadáa níbí. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ṣí páànù ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ kan, a ti kàn án padà. Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí méjì.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi jókòó rèé. Àǹtí rẹ tó ti London dé sọ pé ẹnì kan san owó àsansílẹ̀ fún ọ láti ọdún tó kọjá, pé kí o ya àwòrán ìyá òun tó ti dolóògbé. Ó ní onítọ̀hún ò rí àwòrán, kò sì rí ìwọ alára, pé bó bá pè, o kì í gbé e. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. O ò gbé tèmi náà.

Ṣé òótọ́ ni?

Mo lọ yọ káàdì tí o fi ránṣẹ́ láti National Gallery, ilé àkójọ àwòrán tó wà ní London yín, èyí tí mo fi há ara dígí, àwòrán Màríà láàárín àpáta tí Leonardo da Vinci yà. O kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé, "Bàbá mi, ọ̀gá yìí náà kì í tètè parí iṣẹ́." Inú mi dùn sí i nígbà tó kọ́kọ́ dé. Lọ́tẹ̀ yìí, àyà mi já.

Iṣẹ́ tó wà lórí káàdì yẹn, ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan ní Milan ló gbé e fún un ní 1483. Àdéhùn wọn ni pé kó parí rẹ̀ di ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, ọjọ́ àjọ̀dún wọn. Ọ̀rọ̀ owó dìjà, ìjà dẹjọ́, 1508 ló tó yanjú. Ọdún 25 nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ibẹ̀ ni àwòrán náà ti di méjì: wọ́n rò pé ó ta ti àkọ́kọ́ fún ẹlòmíràn, ó wá ní láti ya òmíràn fún àwọn tó ni iṣẹ́. Ọ̀kan wà ní Louvre, ilé àkójọ àwòrán ní Paris, èkejì wà lọ́dọ̀ yín. Wo ọwọ́ áńgẹ́lì náà dáadáa. Ní ti Paris, ó na ìka sí Jòhánù kékeré. Ní ti London, kò nàka sí ẹnikẹ́ni. Kí ló dé tó fi ká ìka yẹn kò? Ní 2005, wọ́n fi ìtànṣán tí ojú lásán ò lè rí wo abẹ́ ọ̀dà ti London, wọ́n bá àwòrán mìíràn tó ti bẹ̀rẹ̀ tó sì pa tì: ẹnì kan tó kúnlẹ̀, tó gbé ọwọ́ lé àyà.

Àwọn èèyàn ń pariwo ẹ̀rín Mona Lisa. Ọkọ obìnrin náà ni èmi ń rò, Francesco del Giocondo, oníṣòwò ṣẹ́dà ní Florence. Nǹkan bí ọdún 1503 ni Leonardo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìyàwó rẹ̀, lórí pákó tí gíga rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 77 lọ. Kò sí ohun tó fi hàn pé Francesco gbà á rí. Ọ̀gá gbé e dé ilẹ̀ Faransé, ibẹ̀ ló kú sí ní 1519. Kí ló ń sọ fún ọkùnrin yẹn bó bá béèrè?

Mi ò bá ọ jà o. Ọwọ́ rẹ dáa ju tèmi lọ fíìfíì. Ewúrẹ́ tí o yà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún 5 ṣì wà nínú àpótí mi. Ṣùgbọ́n ojú ìyá ẹni ẹlẹ́ni ló wà lọ́wọ́ rẹ, ìyá tí kò tún lè rí mọ́. Ṣé kò dùn ọ́ ni?

Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn ló ń dà mí láàmú jù, èyí tó yà sára ògiri yàrá ìjẹun àwọn mọ́ńkì Santa Maria delle Grazie ní Milan, láàárín 1495 sí 1498. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, tó ṣì tutù, ni àwọn ayàwòrán ibẹ̀ máa ń kùn, kí ògiri lè mu ọ̀dà, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ yára kó tó gbẹ. Òun ò fẹ́ kánjú. Lọ́jọ́ kan á kùn ún látàárọ̀ dalẹ́ láìjẹun. Lọ́jọ́ mìíràn á kàn káwọ́ gbera máa wò ó. Ló bá kùn ún sórí ògiri gbígbẹ. Kó tó kú ló ti ń ṣí. Ní 1652, wọ́n lu ilẹ̀kùn gba ẹsẹ̀ Jésù kọjá.

Tirẹ̀ gbẹ, tèmi tutù. Ìjọ tó gbé irú àwòrán yẹn fún mi, tí mo sọ fún ọ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ: irọ́ ni mo pa. Bíríkìlà ní kí n jẹ́ kí òjò lọ, pé ògiri náà ò tíì gbẹ. Mo ti ná owó àsansílẹ̀ wọn tán, ìyókù ni mò ń lé, mo kun ọ̀dà olóròóró lé e. Kí Kérésìmesì tó dé, ojú Pétérù ti wú bí ẹni tí oyin ta. Mo fi èékánná kàn án, odindi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣí bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ tutù rinrin.

Mi ò padà lọ síbẹ̀. Alàgbà wọn wá sílé lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọmọ ọdún 7 ni ọ́. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, mo ní kí o lọ sọ pé bàbá rẹ ò sí nílé. O sọ ọ́ dáadáa, mo fún ọ ní bísíkíìtì. Ohùn kékeré yẹn ni mò ń gbọ́ láti ọjọ́ tí àǹtí rẹ ti sọ̀rọ̀. Ta ló kọ́ ọ, bí kò ṣe èmi? Dárí jì mí.

Gbé ìpè ẹni náà. Bó ṣe orí nìkan lo tíì yà, fi hàn án. Bí o bá ti ná owó rẹ̀, sọ iye rẹ̀ fún mi, má tíì jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́. Mo máa kó èésú lóṣù yìí.

Mo lọ sí ìjọ náà lánàá. Alàgbà yẹn ti kú, ọmọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun bo ògiri, ṣùgbọ́n ọwọ́ Júdásì tó di àpò owó mú ṣì ń yọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Mo fọwọ́ kan ògiri náà, ó ti gbẹ. Ọjọ́ Ajé ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.

Fóònù mi wà ní títàn. Pè mí, ì báà jẹ́ òru.

Bàbá rẹ