Lẹ́tà sí Bísí láti Aswan

Bísí mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Òtútù ọ̀hún ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Íjíbítì ni mo wà báyìí, ilẹ̀ Fáráò tí wọ́n ń kọ́ wa ní ilé ìwé Sọ́ńdè. Ọlọ́run ló ṣe é.

Tẹ́ḿpìlì Karnak la kọ́kọ́ lọ. Òpó, Bísí! Nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, òpó 134. Àwọn 12 tó wà láàárín ga tó mítà 21, mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń ro mí. Wọ́n fín gbogbo ara wọn látòkè délẹ̀, ọ̀dà àtijọ́ ṣì wà níbi tí oòrùn kò dé. Ní Kom Ombo, òkú ọ̀nì tí wọ́n fi aṣọ dì ló kún ilé kan. Ìwọ tí alángbá ń lé gun tábìlì, o ò ní wọ ibẹ̀ láéláé!

Àmọ́ Deir el-Bahari ni kò kúrò lọ́kàn mi, tẹ́ḿpìlì Hatshepsut, obìnrin tó jẹ Fáráò ní nǹkan bí 3,500 ọdún sẹ́yìn. Ó rán ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Punt, ó sì ní kí wọ́n ya ìrìnàjò náà sára ògiri: àwọn ọkùnrin fi ọ̀pá gbé igi òjíá léjìká, tòun ti gbòǹgbò nínú apẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Thutmose III, ọmọ ọkọ rẹ̀ tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, ní kí wọ́n ha àwòrán rẹ̀ kúrò. Àpá ibi tí wọ́n ha ṣì hàn. O máa rí ibi tí èjìká wà, ibi tí adé wà, ojú ò sí. Àwọn òrìṣà tó dúró tì í, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn wọ́n.

Bísí, Màmá yín ló wá sí mi lọ́kàn, omi sì bọ́ lójú mi. Mo yà nílé yín kí n tó rìnrìn àjò. Wọ́n ti kun géètì. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi bo orúkọ Màmá. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ẹbí ti fẹnu kò, pé ilé bàbá àwọn ni, àwọn fẹ́ tà á. Ilé bàbá kẹ̀? Ta ni kò mọ ibi tí owó páànù ilé yẹn ti wá? Ṣebí èmi àti ìwọ la jọ ń ru gàrí lọ sọ́jà. Inú bí mi débi pé mi ò lè jókòó, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù.

Kúnlé ti gbéyàwó, ẹsẹ̀ ìyá mi ti ń sàn. Lọ́la, tẹ́ḿpìlì Abu Simbel, èyí tí wọ́n gé lékìrí lékìrí láàárín 1964 sí 1968, tí wọ́n tún tò sórí òkè kí omi ìdídò Aswan má baà bò ó.

Jọ̀ọ́, rìsíìtì ilẹ̀ tó wà nínú àpótí Màmá tí o gbé lọ, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kíákíá. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá. Bí mo bá ti délé, màá gbé e lọ bá àwọn àgbà ẹbí. Kó o sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ fúnra rẹ. Má bínú bá wọn sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o ti gbọ́.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni tìrẹ,
Dúpẹ́